Ọrùn ìyá mi àti ìwé físíìsì: ta ló purọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí èyí. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS1. Lánàá ni mo yẹ ìwé físíìsì rẹ̀ wò, mo bá ìbéèrè kan níbẹ̀: obìnrin kan ru garawa omi 20 lítà, ó fi rin 500 mítà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, iṣẹ́ mélòó ló ṣe? Ọmọ mi kọ òdo. Tíṣà sì fún un ní máàkì. Òdo kẹ̀! Mo kà á sókè, ìyá mi sì gbọ́. Wọ́n pọn omi odò fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí ẹ̀rọ tó dé abúlé wa. Wọ́n kàn wo ọmọ náà, wọ́n ní: "Ẹni tó kọ ìwé yìí ò ru omi rí." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ta ló purọ́, ìwé ni àbí ọrùn ìyá mi?

* * *

Tíṣà físíìsì ni èmi tí mò ń dáhùn yìí. Ọrùn màmá ò purọ́, ìwé náà ò sì purọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ fẹnu pè, kálukú ló mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Nílé, ohunkóhun tó bá fa òógùn ni iṣẹ́. Físíìsì ò mọ òógùn. Ohun méjì péré ló ń béèrè: ipá mélòó lẹ fi sára nǹkan náà, báwo ni nǹkan náà sì ṣe rìn jìnnà tó síbi tí ipá yẹn dojú kọ? Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, iṣẹ́ nìyẹn. Joule la fi ń kà á.

Omi lítà 20 wọn kílò 20. Ilẹ̀ ń fa kílò kọ̀ọ̀kan mọ́ra pẹ̀lú ipá bíi newton 10 (9.8 ni tá a bá fẹ́ ṣe é ní mímọ́, ṣùgbọ́n 10 ni wọ́n sábà máa ń ní kí ọmọ lò nínú ìdánwò). Ẹ jẹ́ ká fi ìwúwo garawa fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ọrùn obìnrin yẹn ń fi newton 200 ti omi sókè kó má baà já bọ́. Omi ò lọ sókè. Iwájú ló ń lọ. 200 lọ́nà òdo, òdo náà ni.

Ṣùgbọ́n garawa ò hù lórí rẹ̀. Láti ilẹ̀ dé orí òṣùká tó bíi mítà kan ààbọ̀. Newton 200 lọ́nà 1.5 jẹ́ joule 300. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ó kàn jẹ́ pé ìwé ò béèrè rẹ̀ ni. Tí ẹnìkan bá sì bá a gbé e rù, wọ́n pín in: 150 fún ẹni tó ràn án lọ́wọ́, 150 fún òun. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ti gbọnwọ́ nù, ó ti padà sídìí ayò rẹ̀. Ní ti ìṣirò ìwé, òun àti ẹni tó ru omi rin ìdajì kìlómítà jọ ṣe iye iṣẹ́ kan náà lórí omi yẹn. Mo mọ̀ pé èyí á bí màmá nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

* * *

Mo ti ka àwọn èsì. Àwọn kan ní Òyìnbó kan ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ń fi ọrùn àwọn ìyá wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnìkan da òwe lù mí: iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, iṣẹ́ òdo wo ló ń wo ìṣẹ́ sàn? Àwọn tó pọ̀ jù ní kí ọmọ sáà kọ òdo, kó gba máàkì rẹ̀, kó gbàgbé.

Àwọn tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí ni mi ò bá gbà rárá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ọmọ tó bá gbé òdo yẹn mì láìjà ni yóò tún kọ òdo nígbà tí wọ́n bá ní obìnrin náà gun òkè. Ọmọ tó jà, tó ní "Sà, ọrùn ń dùn ún o, báwo ló ṣe máa jẹ́ òdo?" ni mo máa ń fọkàn sí, torí ó ti rí i pé nǹkan kan kù.

Ní ti Òyìnbó inú ọ́fíìsì, ẹ máa gbọ́ ibi tí ìṣirò yìí ti wá. Ìdí omi pípọn gan-an ló ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, omi ń kún inú kòtò tí wọ́n ti ń wa èédú àti tánganran, àwọn tó ń wà á ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ní 1712, Thomas Newcomen gbé ẹ̀rọ kan tó ń lo ooru omi kalẹ̀ láti máa fa omi yẹn jáde. Nígbà tí James Watt tún ẹ̀rọ náà ṣe dáadáa, àwọn tó fẹ́ rà á ń béèrè pé: tí mo bá dáná èédú báyìí sí i, omi tó wúwo tó báwo ni yóò gbé, yóò sì gbé e ga dé ibo? Ìwúwo lọ́nà gíga. Nígbà tó di 1829, Coriolis, ará Faransé, ló wá fún ìṣirò yẹn ní orúkọ tó túmọ̀ sí iṣẹ́ ní èdè wọn, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní.

Òǹrajà ló ṣe òṣùwọ̀n yìí. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ò bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́. Omi tó jáde ló ń kà.

* * *

"Tó bá jẹ́ òdo, kí ló ń rẹ̀ wá?" Ẹni mẹ́rin ló ti béèrè èyí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbé àpò pure water kan, èyí tó ní ọ̀rá 20 nínú, kílò mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ gbé e ka orí tábìlì. Tábìlì lè gbé e dúró di àjíǹde, kò ní béèrè oúnjẹ. Ẹ wá fi apá yín gbé e síwájú bẹ́ẹ̀, kí apá nà gbọnrangandan. Kó tó pé ìṣẹ́jú kan, apá á ti máa gbọ̀n. Àpò ò kúrò lójú kan, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lórí rẹ̀ jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ ẹ ti ń làágùn.

Ìyàtọ̀ wà nínú bí iṣan ara ṣe rí. Tábìlì le, ó dúró. Iṣan ò lè dúró bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn fọ́nrán tín-tìn-tín ti ń di ara wọn mú, tí wọ́n ń fà, tí wọ́n ń tú sílẹ̀, tí wọ́n tún ń di ara wọn mú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fà ni wọ́n ń jẹ nínú oúnjẹ tẹ́ ẹ ti jẹ. Àpò ò gòkè, torí náà agbára oúnjẹ yẹn ò dé ara àpò. Ooru ló dà, ó jáde lára yín. Kódà nígbà tí iṣan bá ń gbé nǹkan gòkè ní tòótọ́, bíi ìdá mẹ́rin oúnjẹ ló ń di iṣẹ́, ìyókù ń di ooru. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gúnyán fi ń bọ́ ẹ̀wù.

Nítorí náà, ẹ bi ìbéèrè náà báyìí: iṣẹ́ *lórí kí ni*? Lórí omi, òdo. Nínú iṣan ọrùn, ẹ̀yìn àti itan màmá, iṣẹ́ ń lọ rẹpẹtẹ. Ìwé ò purọ́, àmọ́ ó gé ìbéèrè kúrú, mo sì gbà pé tíṣà yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ká kọ "kò ṣe iṣẹ́ kankan" sójú pátákó, ká tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ti kọjá ohun tí ìṣirò sọ.

Ohun kan tún wà tí màmá á fẹ́ gbọ́. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *Nature* lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kẹ́ńyà. Wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sínú bí wọ́n ṣe ń rìn pẹ̀lú ẹrù. Ẹrù tó tó ìdá márùn-ún ìwúwo ara wọn ò mú kí wọ́n ná agbára kankan ju ti ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Lára obìnrin tó wọn kílò 60, ẹrù kílò 12 nìyẹn. (Garawa 20 lítà ti kọjá ibẹ̀, ẹ má bínú.) Nígbà tó di 1995, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ pé ọ̀nà tí àwọn obìnrin yẹn gbà ń rìn ló fà á: ara wọn ń fì bí ohun tí a so rọ̀, agbára tó lọ bí ara wọn ṣe ń gòkè nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń padà wá bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò lára àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa, tí wọ́n gbé e jáde ní 2010, wọn ò rí èrè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹ má lọ sọ pé gbogbo obìnrin Adúláwọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìrìn kan wà tó ń dín ìnáwó ara kù, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n rìn. Ẹ ní kí màmá rìn ín fún ọmọ wọn wò.

* * *

Ẹnìkan ní kí n fi orí sílẹ̀, kí n wá sídìí kànga. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ orí kànga ilé àwọn, èyí tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá, ti "dín iṣẹ́ kù sí ìdajì". Rárá o.

Ká ní kànga yín jìn ní mítà 15, dòrò yín sì ń gba lítà márùn-ún. Newton 50 lọ́nà 15 jẹ́ joule 750. Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sí i, ẹ fi ọwọ́ lásán fà á, 750 náà ni omi yóò gbà kó tó jáde. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó dúró sójú kan ń yí ojú ipá padà ni. Láìsí i, ẹ óò tẹ̀ba, ẹ óò máa fi ẹ̀yìn fà á sókè, okùn á sì máa ha etí kànga. Tó bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ ń fà sí, ìwúwo ara yín á sì máa bá yín fà á. Ẹ̀yìn ló sinmi, iṣẹ́ ò yí padà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ipá di ìdajì, ẹ wá kẹ̀kẹ́ kejì tí yóò máa bá dòrò gòkè. Ṣùgbọ́n nígbà náà mítà 30 okùn lẹ óò fà dípò 15. Ohun tẹ́ ẹ rí gbà lórí ipá, ẹ óò fi gígùn okùn san án.

Ẹ tún wo èyí. Dòrò mẹ́rin ló kún garawa. Ìyẹn joule 3,000. Gbígbé garawa kan náà rù jẹ́ 300. Nínú gbogbo wàhálà omi yẹn, etí kànga ni iṣẹ́ tí ìwé mọ̀ wà jù. Ọ̀nà jíjìn tó ń pa ọrùn, ìwé ò rí i.

* * *

Awakọ̀ kan ní gbogbo èyí ò kan òun, òun ò pọn omi. Ó kàn án ju gbogbo wa lọ.

Ọkọ̀ tó ń sáré ti kó agbára sára. Kó tó lè dúró, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ láti gba agbára yẹn lára rẹ̀, bíréèkì àti táyà ló sì ń ṣe é: ipá tí táyà fi ń ha ilẹ̀ lọ́nà ìwọ̀n ibi tí ọkọ̀ rìn dé kó tó dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò gbà gbọ́ ni pé tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí ọ̀dà tó gbẹ, tí táyà dáa, ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan lè dúró láàárín bíi mítà 14 tí bíréèkì bá ti mú. Ní 100, bíi mítà 55. Mi ò tíì ka ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹsẹ̀ fi ń wá bíréèkì, nínú èyí tí ọkọ̀ tó ń sá 100 á ti gba mítà 28 kọjá. Ẹni tó bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí tírélà ní ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kó fọkàn ṣírò ìyẹn.

Tírélà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Tọ́ọ̀nù 30 ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan ní agbára tó lé ní mílíọ̀nù méje joule lára. Tó bá fẹ́ dúró, ìdí bíréèkì ni gbogbo rẹ̀ ti máa di ooru. Ìdí nìyẹn tí èéfín fi ń rú níbẹ̀ tó bá ń sọ̀ òkè gígùn.

Ó tún béèrè pé ta ló ń ti èrò síwájú tí òun bá tẹ bíréèkì. Kò sẹ́ni tó tì wọ́n. Ọkọ̀ ló dúró, àwọn ò tíì dúró. Mo wà nínú danfó kan nígbà kan tí ìyá kan fọ́ kọ̀ndọ̀ létí nítorí pé ó já lù wọ́n látẹ̀yìn. Kọ̀ndọ̀ ò mọ Newton, onímọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ipá, ìbá ti fi òfin rẹ̀ àkọ́kọ́ ro ẹjọ́: ohun tó ń lọ yóò máa lọ bó ṣe ń lọ, àyàfi tí ipá kan bá dá a dúró. Ipá tó dá a dúró ni ẹ̀yìn ìyá yẹn.

* * *

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bá mi wí pé mò ń pe "ipá" níbi tó yẹ kí n pe "agbára". Mi ò gbà. Agbára ti ru ẹrù jù nínú èdè wa. Ẹni tó lè ja ìjàkadì, agbára. Bàtìrì tó ṣì dára, agbára. Ẹ̀rọ tó yára, agbára. Ọba, agbára. Tí ọmọ bá wọ kíláàsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ìwọ̀nyí, yóò dàrú kí ó tó jókòó. Èmi máa ń pín in báyìí: *ipá* ni títì tàbí fífà, *agbára* ni ohun tó wà nípamọ́ tó lè ṣe iṣẹ́, èyí tó jẹ́ ti kíákíá tàbí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo máa ń pè é ní *ìyára iṣẹ́*.

Ọmọ méjì ru omi gun àtẹ̀gùn mítà mẹ́ta. Kílò 50 ni ọmọ kọ̀ọ̀kan, kílò 20 ni omi. Joule 2,100 ni ti kálukú. Ọ̀kan fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá gun ún, èkejì fi 40. Iṣẹ́ wọn dọ́gba. Ìyára iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ wáàtì 210 (joule kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wáàtì kan), ti èkejì ò ju 52 àti ààbọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ń ra sumo fún kànga yín, tí wọ́n sọ pé "horse kan" ni, ìyára iṣẹ́ ni wọ́n ń tà fún yín. Wáàtì 746 ni, Watt tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló fi ẹṣin díwọ̀n ẹ̀rọ rẹ̀ kí oníbàárà lè lóye. Ká ní kò sí ìfiṣòfò, horse kan ìbá gbé omi bíi lítà 447 sínú táńkì tó ga ní mítà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má retí iye yẹn lọ́wọ́ èyí tó wà nílé yín o.

Yúníìtì iná tẹ́ ẹ ń rà sínú mítà NEPA, agbára nìyẹn. Yúníìtì kan jẹ́ joule 3,600,000. Ẹ pín in sí 300. Gbígbé garawa láti ilẹ̀ dé orí lọ́nà 12,000 ló wà nínú yúníìtì kan.

* * *

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti padà dé. Ó ní ọmọ òun fẹ́ mọ ohun tó máa kọ tí wọ́n bá yí ìbéèrè náà padà.

Kó kọ́kọ́ ya ọfà méjì: ọ̀kan fún ipá, ọ̀kan fún ibi tí nǹkan ń lọ. Bí ọ̀kan bá kọjú sókè, tí èkejì kọjú síwájú, òdo. Bí obìnrin náà bá gun òkè, bíi ti Màpó, kó fi gíga òkè nìkan ṣírò, kó má fi gígùn ọ̀nà ṣe é: òkè tó ga ní mítà 20 jẹ́ joule 4,000 lórí omi kílò 20, ì báà gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tàbí kó gùn ún tààrà. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọrùn ṣì ń tì sókè, omi ń lọ sísàlẹ̀, kó fi àmì ìyọkúrò síwájú iye yẹn. Bó bá ń fi okùn wọ́ garawa nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, torí ipá àti ìrìn ti jọ kọjú síbì kan, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kó má sì kọ "nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́" sínú ìdáhùn. Òótọ́ ni, kò sì ní máàkì.

Ó tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun ti ka ti yúníìtì iná yẹn fún màmá. Wọ́n ní eélòó ni yúníìtì kan báyìí. Ó sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní: "Ẹgbàá mẹ́fà garawa? Iye tí wọ́n ń gbà fún un nìyẹn?"